Bí Mo Ṣe Wá Adájọ́ Fìdíhẹ ní Ìgbòho

Ọjọ́ tí ẹ̀yìn ríro dá ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ wa dùbúlẹ̀ ni mo mọ̀ pé iṣẹ́ akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ ju ká jókòó máa kọ̀wé lọ. Adájọ́ mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ jókòó. Bí ọ̀kan bá dín, ẹjọ́ ò sí. Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Ramọ́ta, opó tí Alàájì Bùsárì ará Kíṣí gbin kajú wọnú oko rẹ̀, ń yọjú sí mi láràárọ̀.

"Akọ̀wé, òjò ti ń ṣú o. Ṣé orí òrùlé ni kí n kọ ebè iṣu mi sí?"

Wọ́n ní kí n wá adájọ́ fìdíhẹ. Òfin ò le létí: kó máa gbé ìlú, kó mọ̀wé, kó má ṣe òṣèlú, kó má sì bá ẹni tó lẹ́jọ́ tan. Ẹ wá irú ẹni bẹ́ẹ̀ wò ní Ìgbòho. Ẹni tí kì í bá ṣe àna Ìyá Ramọ́ta, á ti ṣe káńsẹ́lọ̀ rí. Mo rìn títí ó fi sú mi, kí n tó rántí Ìyá Fúnmi, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì.

"Ìyá, ṣé ẹ bá Alàájì Bùsárì tan?"

"Mi ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Inú mi dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Ọjọ́ ẹjọ́ pé. Alàájì wọlé, ó ṣí fìlà. Ìyá Fúnmi wò ó láti orí àga ìdájọ́.

"Eyínfúnjowó, ọkọ mi, ẹ̀yin rèé?"

Eyín tó kù lẹ́nu Alàájì kò pé márùn-ún, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ló fi rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

Ó tán. Ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Ìnagijẹ tó fún àbúrò ọkọ rẹ̀ yìí lọ́mọdé nìkan ló mọ̀ ọ́n sí, kí Alàájì tó kó lọ sí Kíṣí. Ìyá Fúnmi sọ̀kalẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lé e. Ìyá Ramọ́ta bú sẹ́kún, ojú sì tì mí.

Ṣùgbọ́n Ìyá Fúnmi ò lọ sílé. Ó kúnlẹ̀ síwájú Alàájì.

"Ọkọ mi, mi ò ṣe adájọ́ mọ́, ìyàwó yín ni mí. Ẹ̀gbọ́n yín tó fẹ́ mi sílé kì í wọ oko opó. Ẹ bá mi hú kajú yẹn."

Alàájì wo gbogbo ojú tó ń wò ó. "Ẹ dìde, ìyàwó wa. Wọ́n á hú u lọ́la."

Wọ́n hú u. Nígbà tí iṣu ta, Ìyá Ramọ́ta ru mẹ́ta wá sílé mi. Mo ní mi ò lè gbà á, òfin ò jẹ́ kí akọ̀wé kóòtù gba ẹ̀bùn. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé e fún ìyàwó mi. Òfin ò sọ nǹkan kan nípa ìyàwó akọ̀wé.