Ọjọ́ Tí Obìnrin Ìjọba Wá Wò Mí

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí à ń gbé ní ìlú Glenn Dale ní Amẹ́ríkà, fíìmù kan kó ìpayà bá mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ẹ̀yin ọmọ mi yìí! Àwọn òbí mi ti kú ní Ìbàdàn. Ọ̀rẹ́ ìyá mi, nọ́ọ̀sì, ló mú mi wá síbẹ̀, òun ni mò ń pè ní Mọ́mì. Ìjọba ò tíì fọwọ́ sí i pé kó gbà mí ṣọmọ.

Ilé ìkàwé àdúgbò ni wọ́n ti fi fíìmù náà hàn wá, ti ayé àtijọ́, tí wọn kì í sọ̀rọ̀, dùrù nìkan ló ń dún. Arúgbó kan tó ń ṣe búrẹ́dì gba ọmọ òrukàn tọ́. Ọmọ yẹn á da ìyẹ̀fun lé e lórí, àwọn èèyàn á bú sẹ́rìn-ín. Àfi bí obìnrin kan ṣe wọlé, tó fa ọmọ náà lọ́wọ́ jáde. Mo yíjú sí Mọ́mì kí n bi í léèrè, ó ti sùn lọ, iṣẹ́ ọsibítù ti mú kó rẹ̀ ẹ́. Mo sá jáde, n ò wo ìparí rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, obìnrin ìjọba ń bọ̀ ní Sátidé wá wò bóyá ó yẹ kí n máa bá Mọ́mì gbé. Ara mi ò balẹ̀ rárá. Ilẹ̀ tí mo ti gbá, màá tún un gbá.

Nígbà tó dé, mo kúnlẹ̀ kí i, mo tẹjú mọ́lẹ̀. Bó ṣe ń ní kí n wo ojú òun ni mo túbọ̀ ń tẹrí ba. Ṣé ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ń wo àgbà lójú ni? Ló bá ní ó jọ pé ẹ̀rù Mọ́mì ló ń bà mí.

"Wo ojú wọn, jọ̀ọ́!" Mọ́mì ń bẹ̀ mí. N ò lè ṣe é.

Obìnrin náà dìde, ó na ọwọ́ sí mi kó fi dágbére. Mo rò pé ó fẹ́ fà mí lọ. Yéè! Mo fò mọ́ Mọ́mì, mo ń ké: "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n mú mi lọ! Ẹ dì mí mú!" Mọ́mì náà bú sẹ́kún. Obìnrin yẹn ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó rí i pé ọ̀dọ̀ Mọ́mì ni mo sá sí, ó jókòó padà, ó ní kí Mọ́mì ṣàlàyé ìkúnlẹ̀ yẹn fún òun dáadáa. Wọn ò mú mi lọ.

Ayé ti yí padà. Ẹ̀yin ń wò mí lójú kòró-kòró, ẹ ń bá mi jiyàn lórí oúnjẹ àti fóònù, àwọn ọ̀rẹ́ mi sì ń sọ pé mo ti bà yín jẹ́. Kò kàn mí. Tẹ́ ẹ bá ń jiyàn báyẹn, inú mi máa ń dùn, torí mo mọ̀ pé kò tíì sọ sí yín lọ́kàn rí pé ẹnì kan lè wá mú yín kúrò nílé.