Ìdíje Àwo Dúdú ní Àgbowó

Kò sí ìdíje tí Moróunkẹ́ onídìrí máa gbọ́ nípa rẹ̀ tí kò ní í bá wọn dá sí. Ará Ṣakí ni, ó kó wá sí Àgbowó lẹ́yìn tó lọ́kọ. Nígbà tí ìjọ Onítẹ̀bọmi ṣe ìdíje àgùntàn tó sanra jù, tirẹ̀ kò sí, ó yá ti aládùúgbò.

Lọ́dún 1994, ọ̀dọ́mọdé olùkọ́ kan láti Yunifásítì, Theophilus, wá pín àwo funfun tí wọ́n fi fasilíìnì pa fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí wọ́n gbé e kọ́ ìta fún ọ̀sẹ̀ kan. Eruku àti èéfín á lẹ̀ mọ́ ọn, wọn á sì mọ irú afẹ́fẹ́ tí àdúgbò ń fà símú. Ó ṣàlàyé dáadáa. Àmọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú irun gbẹ ń hó lórí oníbàárà kan, ohun tí Moróunkẹ́ rí gbọ́ kò ju pé wọ́n fẹ́ mọ àwo tó dúdú jù lọ.

Nígbà tó yọjú wo ti Àlàájì Sàídì tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwo náà ti ń dúdú bí ìdí ìkòkò. Tirẹ̀ ṣì dà bíi tíì tí mílíìkì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kíá, ó gbé àdògán sábẹ́ àwo, ó ki igi tútù bọ̀ ọ́, ó ní ẹ̀wà lòun ń sè. Ó sè é títí ilẹ̀ fi ṣú.

Sàídì náà kì í gbà kí wọ́n fọwọ́ rọ́ òun sẹ́yìn. Ó wọ́ jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ sábẹ́ àwo tirẹ̀, ó sì tan án. Èéfín mú kí oníbàárà Moróunkẹ́ kan bú sẹ́kún, ó gbé irun tí wọ́n dì dé ìdajì lọ sílé.

Nígbà tí Theophilus padà dé, ó wo àwo méjèèjì, ó wo àwọn tó ni wọ́n.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ ṣì ń rí èémí mí?”

Moróunkẹ́ bi í pé kí ni ẹ̀bùn ẹni tó gba ipò kìíní.

Ó ní kò sí ẹ̀bùn kankan, bí àwo bá ṣe dúdú tó ni àìsàn ṣe ń sún mọ́ni tó.

Sàídì wúkọ́, ó ní, “Tíṣà, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀ pé ipò kejì ni tèmi.”

Ẹ̀rín pa Theophilus títí tó fi jókòó sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú irun gbẹ. Ó fún wọn ní àwo tuntun, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kàn fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

Wọ́n fi í sílẹ̀ lóòótọ́, síbẹ̀ àwo méjèèjì dúdú. Èyí dun Moróunkẹ́ gan-an, torí pé kò sẹ́ni tó dáná sábẹ́ tirẹ̀. Ó tọ òórùn èéfín lọ títí, ó bá táyà àlòkù tí Sàídì ń sun lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó bínú sí i títí. Sàídì ṣíwọ́ táyà sísun, ó ń fi táyà wọ̀nyẹn ṣe àga. Moróunkẹ́ gba méjì sí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn oníbàárà ní ó rọ ìdí lọ́rùn, àmọ́ kò rọrùn láti dìde.