Bí Ìyá Mi Ṣe Gbọ́ Orin Ànọ́bì

Àwo orin kan ṣoṣo ni mo gbé sórí giramafóònù lẹ́yìn ìrun Àílà òní, ìrun Alaasari ló bá mi nídìí ẹ̀.

Ìyá mi ló fà á. Àná ni wọ́n wọ rélùwéè dé Kàdúná láti Ìlọrin. Àyà mi ń já, torí àwọn àfáà kan nílé ní orin tó bá ti ní ìlù nínú, kò dáa ká gbọ́ ọ, ì báà jẹ́ orin Ànọ́bì. Mo ti to àwíjàre sẹ́nu.

Olórin pe orúkọ Ànọ́bì. Ìyá mi gbọ́wọ́ sókè.

"Àlàbí, dá a dúró ná."

Mo ní ó ti parí nìyẹn. Mo gbé abẹ́rẹ́ kúrò. Wọ́n rọra ní, "Sọlalọ̀hu alaehi wasalam. Ó yá, jẹ́ kó máa lọ."

Kò pẹ́, orúkọ tún jáde.

"Dá a dúró."

"Ìyá, ṣé ẹ ò lè máa dáhùn bó ṣe ń kọrin lọ ni?"

"Kí n máa sọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu? Ìwọ náà dáhùn, mi ò gbọ́ tìẹ."

Tò. Mò ń yí ọwọ́ ẹ̀rọ, mò ń gbé abẹ́rẹ́, mò ń ṣe asalátù, ìyẹn àdúrà ìkẹ́ fún Ànọ́bì. Nígbà tó tán, mo bi wọ́n bóyá ó tọ́ ká máa gbọ́ irú orin yìí.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìgbà wo lo ti ṣe asalátù tó báyìí kẹ́yìn?"



Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, wọ́n ti ní kí n gbé àwo kejì wá. Ta ló máa wá bá mi gbé abẹ́rẹ́?