Yàrá Tí Ọmọ Kì Í Ti Í Sunkún

"Ṣé ìwọ lo bí i ni?"

Mátírọ́ọ̀nù, ọ̀gá wọn, ló bi Ìyá Pẹ̀lẹ́ ní ìbéèrè yìí, lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìfọṣọ, níṣojú àwọn òṣìṣẹ́ tó kù. Láti ọjọ́ tí Ìyá Pẹ̀lẹ́ ti dé ilé àwọn ọmọ aláìníyàá yẹn, "ẹ̀yin" ni Mátírọ́ọ̀nù máa ń pè é, nítorí pé Ìyá Pẹ̀lẹ́ dàgbà jù ú lọ dáadáa. Ọjọ́ náà ni "ìwọ" kọ́kọ́ jáde. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí ló dùn ún jù. Òun kọ́ ló bí ọmọ náà lóòótọ́. Ẹni tó bí i kú lórí ìkúnlẹ̀. Ṣé nítorí ìyẹn ni kí ọmọ máa wo àjà ilé títí ayé?

Ìyá Pẹ̀lẹ́ kì í ṣe oníjà. Bí ó bá fẹsẹ̀ kọ àga, àga ni yóò kí ní pẹ̀lẹ́. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Ó ti tọ́ ọmọ tirẹ̀ mẹ́rin, oníkálukú ti lọ sílé ọkọ àti síbi iṣẹ́. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n ń wá òṣìṣẹ́ nílé ìtọ́jú ọmọ, ó ní bí wọ́n bá lè máa sanwó fún òun láti gbé ọmọ mọ́ra, kí ni òun tún ń wá?

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti rí i pé wọn kì í gbé ọmọ mọ́ra níbẹ̀.

Yàrá mẹ́ta ló wà: ti àwọn tí kò tíì jókòó, ti àwọn tó ń rá, àti ti àwọn tó ti ń rìn. Ibùsùn onírin funfun tò lẹ́bàá ògiri, ilẹ̀ ń dán, gbogbo nǹkan mọ́ tónítóní. Bí àkókò oúnjẹ bá tó, wọ́n á ki ìgò mílíìkì bọ ọmọ lẹ́nu, wọ́n á fi ìrọ̀rí kékeré gbé ìgò náà ró, wọ́n á kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Òfin kan sì wà tó ga ju gbogbo òfin yòókù lọ: bí ọ̀sẹ̀ bá ti yí, kí òṣìṣẹ́ pààrọ̀ yàrá. Ojú ọmọ kò gbọdọ̀ mọ ẹnì kan ju ẹnì kan lọ.

Àǹtí Kíákíá, ọ̀dọ́bìnrin tó mú un rìn yípo ilé, ló ṣàlàyé fún un. "Bí ojú rẹ̀ bá mọ̀ yín, Màmá, lọ́jọ́ tí àwọn tó fẹ́ gbà á tọ́ bá dé, ẹkún ni yóò fi pa ara rẹ̀. Bí kò bá mọ ẹnikẹ́ni, kò ní sunkún ẹnikẹ́ni. Ó tán."

"Ó tán kẹ̀?"

"Ó tán, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra o, ilẹ̀ ṣì tutù."

Àwọn àlejò a máa gbé páálí mílíìkì wá, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á máa yin ilé náà. "Ẹ wo bí ibí ṣe pa rọ́rọ́! Ọmọ tó pọ̀ tó báyìí, ẹyọ kan ò ké!" Mátírọ́ọ̀nù á rẹ́rìn-ín músẹ́. Inú Ìyá Pẹ̀lẹ́ pàápàá kọ́kọ́ dùn sí i. Nígbà tó yá ni ara rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ó ti gbé ilé tí ọmọ ọwọ́ kan ṣoṣo wà rí, ilé náà kò sì rójú. Ibo ni ẹkún odidi yàrá wá gbà lọ?

Ọmọbìnrin kan wà ní ibùsùn ẹ̀bá fèrèsé tí wọ́n ń pè ní Adájọ́, nítorí pé kò rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni rí. "Adájọ́ kì í bá ọ̀daràn ṣeré," ni Àǹtí Kíákíá máa ń wí, gbogbo wọn á sì rẹ́rìn-ín. Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ni. Ó yẹ kó ti jókòó, kó ti máa já gíláàsì gbà lójú ènìyàn. Àjà ló ń wò. Yóò yí orí sọ́tùn-ún, yóò yí i sósì, títí irun ẹ̀yìn orí rẹ̀ fi pá. Bí ìgò bá bọ́ lẹ́nu rẹ̀, kì í wá a. Ìyá Pẹ̀lẹ́ pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀, kò yíjú. Ó gbà pé adití ni.

Ó sọ ọ́ fún dókítà obìnrin tó máa ń wá yẹ àwọn ọmọ wò. Dókítà náà kéré, bàtà rẹ̀ a máa ró ko-ko-ko, Ìyá Pẹ̀lẹ́ ò sì fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Dókítà mi agogo kékeré kan lẹ́bàá etí ọmọ, ojú ọmọ ló sì ń wò.

"Màmá, ó ń gbọ́ràn. Ẹ wo ìpéǹpéjú rẹ̀, ó mì. Ó gbọ́ àtẹ́wọ́ yín náà. Kò rí ìdí tó fi yẹ kó yíjú ni."

"Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án? Kí ló mọ̀ nípa ìdí?"

Dókítà fa àga, ó jókòó. "Màmá, ọpọlọ ọmọ kì í parí kó tó wáyé. Ọwọ́ ẹni tó ń tọ́ ọ ló ti ń parí. Ọmọ ké, ẹnì kan wá. Ó tún ké, ẹni náà tún wá, ojú kan náà, ohùn kan náà, òórùn kan náà. Bí ẹsẹ̀ ṣe ń la ọ̀nà nínú igbó nìyẹn. Ibi tí a bá ń tọ̀ á là, ibi tí ẹnikẹ́ni ò tọ̀, koríko á bò ó. Èyí ti ké rí. Ẹni tó dá a lóhùn lónìí kọ́ ló dá a lóhùn lọ́la, nígbà mìíràn ẹnikẹ́ni ò wá rárá. Ẹ̀rù ọmọ tí kò rí ẹni rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún dà bí iná tí wọn ò pa, ó ń jó nǹkan nínú orí ọmọ. Nígbà tó sú u, ó jáwọ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí wọ́n ń yìn yìí, ìfọ̀kànbalẹ̀ kọ́ ni o."

"Ṣé ọ̀nà náà ò lè là mọ́?"

"Ó lè là, ó ṣì kéré. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹnì kan ló fẹ́, kì í ṣe ẹsẹ̀ gbogbo ọjà."

Kí dókítà tó lọ, ó sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún Mátírọ́ọ̀nù. Mátírọ́ọ̀nù dúpẹ́, ó sìn ín dé ìdí ọkọ̀, ó padà wọlé, ó sì pààrọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ bó ṣe máa ń ṣe.

Ìyá Pẹ̀lẹ́ ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Yàrá yòówù tí wọ́n bá pín in sí, yóò ya ẹ̀bá fèrèsé, yóò gbé Adájọ́ pọ̀n, yóò máa nulẹ̀ lọ. "Olúwa mi Adájọ́," ni yóò máa wí, "ẹ dá mi láre o, ilẹ̀ yìí kì í mọ́ bọ̀rọ̀." Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á fi ọwọ́ bo ẹnu. Fún ìgbà pípẹ́, bí ẹrù ni ọmọ náà rí lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìka kékeré di kọ́là aṣọ rẹ̀ mú. Ó sì di ọ̀sán ọjọ́ kan, ó tẹ́ Adájọ́ sí ibùsùn, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ni ariwo bá sọ! Àǹtí Kíákíá ju garawa nù.

"Ta ló ń pa ọmọ?"

Ìyá Pẹ̀lẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ẹ̀rín ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Adájọ́ ti dájọ́!"

Ẹkún a máa ràn. Àwọn ibùsùn ìtòsí gbọ́ ọ, wọ́n gbè é. Nígbà tí àlejò tún dé, wọ́n ń wo ara wọn lójú, ojú sì ti Mátírọ́ọ̀nù. Lọ́jọ́ náà gan-an ló ní kí Ìyá Pẹ̀lẹ́ bọ́ sí yàrá ìfọṣọ, kó má sì débi ọmọ mọ́. Ìyá Pẹ̀lẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun máa fún Adájọ́ nìkan lóúnjẹ. Ìgbà yẹn ni ìbéèrè náà jáde: ṣé ìwọ lo bí i ni?

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàrin ìfọṣọ àti yàrá àwọn ọmọ. Ó ń fọ ìtẹ́dìí, ó ń gbọ́ ohùn Adájọ́. Ó gbọ́ ọ títí ohùn náà fi há. Lẹ́yìn náà kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ẹkún náà kò lé e kúrò nídìí omi. Ìdákẹ́ náà ló lé e. Ó fi aṣọ sílẹ̀ nínú ọṣẹ, ó wọ yàrá lọ. Ìgò ti bọ́, mílíìkì ti rin ìrọ̀rí gbingbin, Adájọ́ ń wo àjà. Ó gbé e. Ọmọ náà gbójú kúrò lára rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ìyá Pẹ̀lẹ́ gbé ọmọ, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ó wọ ọ́fíìsì Mátírọ́ọ̀nù láì kanlẹ̀kùn, ọṣẹ ń kán sórí ilẹ̀ tó ń dán.

"Ẹ gbé e padà, Màmá," ni Mátírọ́ọ̀nù wí. Ó ti padà sí "ẹ̀yin".

"Mi ò gbé e padà. Ẹ bi mí bóyá èmi ni mo bí i. Èmi kọ́. Ẹ̀yin náà kọ́. Kò sí ẹni tó bí i nínú ilé yìí, ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń ṣe bí ẹni tí kò jẹ ẹ́ ní gbèsè kankan!"

"Ṣé ẹ rò pé òǹrorò ni mí?" Mátírọ́ọ̀nù dìde. "Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọmọkùnrin kan wà lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá mú un, ó di aṣọ mi mú, ìka rẹ̀ ni wọ́n ń tú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo búra pé ọmọ kankan ò ní jẹ irú ìyà yẹn níṣojú mi mọ́."

"Níṣojú yín! Ẹ kúkú ti sọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ ò fẹ́ rí i, ẹ má fi ṣe tọmọ. Kí ọmọ má baà sunkún lọ́jọ́ kan, ẹ ní kó má rí ẹni sunkún fún láyé rẹ̀? Èyí tó dàgbà jù nínú àwọn tó ń rìn jábọ́ lórí àtẹ̀gùn lánàá. Orúnkún rẹ̀ bó. Kò ké, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan ń bọ̀. Ó dìde, ó ń lọ, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. Àlejò tí kò rí rí ló ń dì mọ́, tó ń pè ní màmá. Ta ló máa san ìyẹn fún un?"

Mátírọ́ọ̀nù wo Adájọ́, Adájọ́ wo ògiri.

"Ẹ mú un lọ," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ẹ máa mójú tó o."

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yí, kò pààrọ̀ ẹnikẹ́ni. Ó pín ọmọ fún òṣìṣẹ́, oníkálukú pẹ̀lú tirẹ̀. Àǹtí Kíákíá ní ariwo yóò pa àwọn. Òun náà ni wọ́n rí lọ́jọ́ kan tó ti dé géètì, tó sáré padà nítorí pé ọ̀kan nínú tirẹ̀ wúkọ́.

Adájọ́ kò tètè dárí ji Ìyá Pẹ̀lẹ́. Ìgbà tó yá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tún wojú rẹ̀. Ó jókòó, ó rá, ó rìn, gbogbo rẹ̀ pẹ́ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, bí ilẹ̀kùn bá sì gbá, gbogbo ara rẹ̀ ló ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín. Tíṣà kan àti ìyàwó rẹ̀ ló fẹ́ gbà á tọ́. Mátírọ́ọ̀nù ní kí wọ́n kọ́kọ́ máa wá bá a ṣeré ná, wọ́n sì ń wá, títí ọjọ́ ìlọ fi pé.

Lọ́jọ́ náà Adájọ́ di kọ́là mú, ó ké bí ẹni tí wọ́n ń pa. Ìyá Pẹ̀lẹ́ ò jẹ́ kí wọ́n tú ìka kankan. Ó dúró títí ọwọ́ náà fi rọ̀ fúnra rẹ̀. Mátírọ́ọ̀nù dúró tì í. Kò gbójú kúrò.

"Màmá," ni ìyàwó tíṣà wí, ojú rẹ̀ ti pọ́n, "ó kórìíra mi."

"Kò kórìíra yín. Ẹni tó lè sunkún mi báyìí yóò lè sunkún ẹ̀yin náà. Bó bá ṣáà ti ké, ẹ dá a lóhùn."

Ọkọ̀ lọ, ẹkún ń bá a lọ. Èyí tó dàgbà jù nínú àwọn tó ń rìn dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ń juwọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ti dì mọ́ ìyàwó tíṣà lẹ́ẹ̀kan, ó ti ní, "Màmá, èmi náà ńkọ́?" Bí ọkọ̀ ti lọ tán, ó sáré lọ dì mọ́ ọkùnrin tó gbé gáàsì wá.

Ìyá Pẹ̀lẹ́ pè é. Ó wá, ó jókòó lé e lẹ́sẹ̀ bí ẹni jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ojú rẹ̀ wà ní géètì. Ìyá Pẹ̀lẹ́ wo orúnkún rẹ̀ tó bó níjọ́sí. Ó ti jinná, láìsí ẹni tó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Wọ́n ti san díẹ̀ nínú gbèsè tí wọ́n jẹ Adájọ́. Ti èyí ṣì wà lọ́rùn gbogbo wọn, kò sì sí ẹni tó tíì san án.