Kámẹ́rà Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Dúró Dè

Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí nígbà náà, mo sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, afẹ́fẹ́ ń gbé òórùn ẹrẹ̀ odò àti omi ìdọ̀tí bọ̀ láti Crossness, níbi tí wọ́n ti ń sẹ́ omi ìdọ̀tí ìlú, bó ti máa ń ṣe ní àdúgbò wa, Thamesmead ní London, nígbà ooru. Mo ti gbogbo fèrèsé pa, òógùn sì ń kán sórí ìwé tó wà níwájú mi.

Ní Ìbàdàn, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Ojú òsì rẹ̀ ti fọ́ tipẹ́. Ojú ọ̀tún, tó ṣì fi ń ríran díẹ̀, ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ní aago mọ́kànlá. Dókítà ti sọ fún un pé ó lè là, ó sì lè má là mọ́. Ọdún mẹ́sàn-án la ti rí ara wa kẹ́yìn. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ mí: kí òun rí ojú mi kí wọ́n tó gbé òun wọlé.

Kámẹ́rà kọ̀ǹpútà mi ti kú, fóònù mi ò sì gba ètò tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ń ṣe ìpè fídíò. Nítorí náà ni mo ṣe wá ètò mìíràn tí yóò sọ fóònù náà di kámẹ́rà fún kọ̀ǹpútà, láìsí wáyà. Bí ìṣe mi, mo kọ ìgbésẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èkínní ni pé kí fóònù àti kọ̀ǹpútà wà lórí Wi-Fi kan náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú, mo dán gbogbo rẹ̀ wò, ó ṣiṣẹ́, mo sì fi bírò pupa máàkì wọn.

Aago mẹ́wàá lù, mo pe Ìbàdàn. Ohùn ń lọ, àwòrán ò lọ. Mo pa ètò náà, mo tún un ṣí. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn, mo tún pè. Kọ̀ǹpútà ṣáà ń sọ pé òun ò rí kámẹ́rà kankan, fóònù náà sì dúró síwájú mi lórí ẹsẹ̀ ìdúró kékeré tí mo rà fún un ní ọjà Woolwich, tó ń wò mí. Mo bá a wí bí ẹni ń bá ọmọ kíláàsì wí.

"Tíṣà, òkùnkùn ni mò ń wò o," ẹ̀gbọ́n mi sọ. "Ṣé wọ́n ti ń mú iná lọ ní London náà ni?"

"Ẹ ní sùúrù, ẹ̀gbọ́n mi. Mò ń tún un ṣe."

"Ìwọ tó o fi pàṣán lé gbogbo ọmọ àdúgbò wọ kíláàsì! Fóònù kan ló wá ń nà ọ́ báyìí?"

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ìbẹ̀rù nínú ẹ̀rín náà. Mo tún ìgbésẹ̀ kejì ṣe títí dé ìkẹjọ, lẹ́ẹ̀mẹta. N kò padà sí èkínní, nítorí òun ló rọrùn jù, mo sì ti máàkì í. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe tíṣà, iṣẹ́ tí mo bá ti máàkì, n kì í tún un yẹ̀ wò. Ọmọ tó bá ní mo ṣì í máàkì, màá ní kó lọ jókòó.

Kó tó di aago mọ́kànlá, mo gbọ́ tí kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀dì ń dún. "Wọ́n ti dé o," ó sọ. "Kò burú. Màá rí ọ tí mo bá jáde."

Bí mo ṣe ń nu ojú ni Alhaja tí ilé rẹ̀ fara ti tèmi wọlé, ó ń lọ sẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó. Mo ṣàlàyé. Ó gbé fóònù náà wò.

"Háà, Mummy! Orí Wi-Fi tèmi ni fóònù yín wà! Àbí ẹ ò rántí pé mo fi password mi sí i lálẹ́ àná, tẹ́ ẹ wá gbọ́ wáàsí lọ́dọ̀ mi?" Ògiri wa fẹ́lẹ́, fóònù náà ò tíì kúrò lórí tirẹ̀, kọ̀ǹpútà sì wà lórí tèmi. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ojú mi yọ gbàǹgbà lórí kọ̀ǹpútà, ojú pípọ́n tí ẹnikẹ́ni ò wò. "Ṣé ẹ ò check ẹ̀ ni, Mummy?"

"Mo ti máàkì í," ni mo fèsì.

Ojú ẹ̀gbọ́n mi ò là mọ́. Nígbà tó padà délé, mo pè é, kámẹ́rà ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Mo rí i kedere, tó kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ṣé ó ti ń ṣiṣẹ́?" ó béèrè. Mo ní ó ti ń ṣiṣẹ́. "Ó dáa. Wá sọ fún mi, báwo lo ṣe rí?"

Mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ bí wọ́n ṣe ń ṣàpèjúwe nǹkan, ọjọ́ yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí irun mi tó ti funfun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀wọ́, bí nǹkan bá kọ̀ tí kò ṣe é ṣe, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ èkínní, pàápàá èyí tí ẹ ti fi ọwọ́ ara yín máàkì.