Irú Tí Mo Gbé Káàkiri Agbo Ilé

Òórùn irú tó ń hó lórí iná, tí èéfín igi tútù dà pọ̀ mọ́ ọn: bí mo bá gbọ́ ọ títí di òní, ìbàdí mi á kọ́kọ́ ro mí ná, kí n tó rántí pé mo ti darúgbó. Àgbàlá ìyá ọkọ mi ní Kétu ló máa ń rùn bẹ́ẹ̀. Àwọn Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìjọba sílẹ̀ fún wa nígbà náà ni. Ọkọ mi jẹ́ olùkọ́, wọ́n sì ti gbé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Pọ̀bẹ̀, ìgbà ìsinmi nìkan ló ń wálé. Èmi àti ìyá rẹ̀ la jọ wà nílé, èmi pẹ̀lú oyún tí oṣù rẹ̀ ti pé.

N kò ní purọ́ fún ọ, ẹ̀rù ń bà mí. Oyún mi àkọ́kọ́, oko wa ní Okpomẹ̀ta ni mo bí i sí. Àgbàdo là ń ṣẹ́ tí ìrọbí fi mú mi, nígbà tí wọ́n sì máa fi rí ẹni tó máa gbé mi lọ sílé, ọmọ ti dé. O mọ àdúrà tí wọ́n máa ń ṣe fún aboyún, pé a ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ. Ohùn tèmi nìkan ni wọ́n gbọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Mo ti bá ara mi sọ ọ́ pé ìrora àkọ́kọ́ tó bá ta mí báyìí, ilé ìgbẹ̀bí ni n ó wà, lọ́dọ̀ ẹni tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ tí kò bá ké.

Nígbà tó sì dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe. Mo di ẹrù mi, mo sọ fún ìyá ọkọ mi. Ẹ̀yìnkùlé ló mú wa gbà, nítorí nínú agbo ilé yẹn wọn kì í kéde ìrọbí. Wọ́n gbà pé tí ẹnu bá ti pọ̀ lórí rẹ̀, ó máa ń pẹ́ lára obìnrin. Agbẹ̀bí yẹ̀ mí wò, ó fọ ọwọ́, ó ní: “Ó ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì jìnnà. Padà sílé, kí o máa rìn. Bí o bá rí ẹ̀jẹ̀, tàbí tí omi bá dà, má ṣe dúró rárá. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìgbà tí ìrora bá dé tí o kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ ni kí o wá.”

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn wọn. Mo ní n kò lọ síbì kankan. Omijé ń dà lójú mi, ojú ò tilẹ̀ tì mí. Ìyá ọkọ mi wò mí títí, ó ní, “Ṣé orí àtẹ̀gùn yìí ni o fẹ́ bí i sí, kí a lè máa pe ọmọ ní Àtẹ̀gùn?” Ẹ̀rín pa mí, mo sì ń bínú pé ẹ̀rín pa mí. Ó wá rọ ohùn rẹ̀. “Ilé kì í ṣe oko, ìyàwó mi. Láti ẹnu ọ̀nà wa, a ń rí òrùlé ibí.” Mo nu ojú mi. Mo pinnu pé bó bá jẹ́ ilé náà ni, orí ìdúró ni n ó wà, n kò ní sùn kalẹ̀ kí ẹ̀rù wá jókòó tì mí.

A kò tíì jókòó nílé tí ìyá ọkọ mi fi bu irú sínú ewé, ó dì í, ó ní, “Gbé e lọ fún ìyá àgbà ilé òkè. Kí o kí wọn dáadáa o.” Mo rò pé ó ya ìkà. Ta ló ń rán obìnrin tó ń rọbí níṣẹ́? Ṣùgbọ́n mo gbé e. Ìyàwó ilé kì í dúró kí àgbà ní Kétu, nítorí náà mo kúnlẹ̀. Ìyá àgbà náà gba irú, ó sì bẹ̀rẹ̀: ọkọ mi ńkọ́? Pọ̀bẹ̀ ńkọ́? Bàbá mi ńkọ́? Ìrora dé bá mi lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀ pupa. Kò jẹ́ kí n lọ. Ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá mi ńkọ́? Iṣu ńkọ́? Òjò ha ti rọ̀ lọ́dọ̀ tiwọn, àbí wọ́n ṣì ń rìn lọ pọn omi lókèèrè? Mo ń dáhùn láàárín eyín mi pé wọ́n wà, pé ó ti rọ̀ díẹ̀. Ìgbà tí ìrora náà lọ tán ló ní, “Dìde, ọmọ mi.”

Mo padà délé, irú mìíràn ti wà nínú ewé. Ilé kejì, bákan náà. Ilé tó tẹ̀ lé e, wọ́n bi mí léèrè ewúrẹ́ bàbá mi. Inú ń bí mi débi pé mo ń sọ lọ́kàn mi pé àwọn àgbà ilé yìí ò níṣẹ́ ni? Àárín ilé sí ilé ni ẹ̀rù ti máa ń mú mi, nígbà tí ara bá fúyẹ́ tí mo bá rántí Okpomẹ̀ta. Mo á fi ọwọ́ lé ikùn, mo á dúró títí ọmọ á fi yí, kí n tó gbé ẹsẹ̀. Mo sọ ọ́ jáde lẹ́nu lábẹ́ oòrùn ọ̀sán yẹn pé ẹ̀rù kọ́ ló máa gbẹ̀bí ọmọ yìí.

Ilé tí mo kàn gbẹ̀yìn ni ti àbúrò bàbá ọkọ mi, obìnrin arúgbó tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ẹ̀gúsí ló ń bó lábẹ́ igi. Mo kúnlẹ̀, mo kí i. Ó ní, “Ìyá rẹ ńkọ́?” Ìrora dé, mo la ẹnu, ọ̀rọ̀ ò jáde. Ó dẹtí sí mi. “Bàbá rẹ ńkọ́?” Ẹnu mi là sílẹ̀ lásán. Ó gbé àwo ẹ̀gúsí kúrò lórí ẹsẹ̀, ó wá ọwọ́ mi rí, ó dì í mú. Ó ní, “Ó ti tó.”

Èmi kọ́ ló ń bá sọ̀rọ̀. Mo yíjú. Ìyá ọkọ mi ló dúró lẹ́yìn mi, ẹrù mi ti wà lórí rẹ̀. Ìyá àgbà ilé òkè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti so ìborùn mọ́dìí. Ẹnikẹ́ni ò kéde nǹkan kan. Ìyá ọkọ mi kàn ń rán mi láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà ni, àwọn obìnrin tó ti bímọ rí sì mọ ohun tí wọ́n ń wò. Gbogbo ewúrẹ́ àti iṣu tí wọ́n ń béèrè láti àárọ̀, ẹnu mi ni wọ́n ń gbọ́, bóyá ọ̀rọ̀ ṣì ń jáde níbẹ̀.

Wọ́n mú mi láàárín, a gun òkè lọ. Omi dà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí. Kí oòrùn tó wọ̀, mo bí obìnrin, ó sì ké. Ó ké débi pé agbẹ̀bí bẹ̀ ẹ́ pé kó sinmi. Èmi ń sunkún, ìyá ọkọ mi ń sunkún, ó wá ń sọ pé èéfín irú ló kó sí òun lójú.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, orí alùpùpù ni wọ́n ti ń kíni. Kí o tó dá wọn lóhùn, wọ́n ti kọjá. N kì í bínú sí wọn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń kí ìyàwó tí oyún rẹ̀ ti pé, n kì í yára. Mo á béèrè gbogbo ará ilé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo á sì máa fetí sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn rò pé àgbà ló ń dà mí láàmú.

Nígbà tí mo jáde lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ, ọ̀dọ̀ arúgbó ẹlẹ́gúsí ni mo kọ́kọ́ lọ, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn mi. Mo kúnlẹ̀. Ó béèrè ọkọ mi, ó béèrè ìyá mi, ó béèrè bàbá mi. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ọmọ ńkọ́?” Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti dé láti Okpomẹ̀ta, kò sí ẹnì kan nínú agbo ilé náà tó bi mí ní ìbéèrè yẹn rí. Gbogbo wọn ló ń fò ó, àgbà àti èwe, lójoojúmọ́, nítorí mi.

Mo ní, “Ó wà, Ìyá.” Ó ní òun kò gbọ́. Mo tún un sọ.