Sasofóònù Láìsí Eyín Iwájú

Eyín iwájú mẹ́ta ló kúrò lẹ́nu mi láàárín ọdún kan, òkè ni gbogbo wọn wà. Dókítà eléyín tó yọ èyí tó kẹ́yìn ní Ìkòròdú bá mi ṣe eyín àtọwọ́dá, ó sì jọ tàtẹ̀yìnwá débi pé ìyàwó mi ní òun kò mọ ìyàtọ̀. Mo lè jẹ ẹran, mo lè rẹ́rìn-ín, mo lè ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun kan ṣoṣo tí n kò lè ṣe mọ́ ni kí n fọn sasofóònù. Ẹni tó bá ń fọn ún máa ń gbé eyín òkè lé ẹnu fèrè náà, eyín yẹn ló ń gbá a mú. Tèmi kì í dúró. Bí mo bá ti fẹ́ gbé ohùn sókè, eyín á yẹ̀, ohùn á sì já.

Ó yẹ kí n sọ irú ẹgbẹ́ olórin tí mo wà. Àwọn tó ń pè wá sí òde máa ń sọ pé règé là ń kọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò pé. Règé rúùtù ni ìlù àti gìtá wa, èyí tó ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ru omi. Lórí rẹ̀ ni èmi máa ń gbé jáàsì lé, tí mo máa ń fọn ohun tó bá wá sí mi lọ́kàn lójú ẹsẹ̀, tí n kì í fọn ún bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìkòròdú la ti bẹ̀rẹ̀, nínú kíláàsì tí mo ti ń kọ́ni ní ìṣirò, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé. Fún ọdún bíi mélòó kan, agbára káká la fi ń rí ẹni pè wá. Àwọn tó fẹ́ràn règé ní a ti bà á jẹ́, àwọn tó fẹ́ràn jáàsì ní àwọn kò gbọ́ jáàsì kankan níbẹ̀. A kò dáwọ́ dúró. Nígbà tó yá, a bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ní ilé ìtura, ní ìgbéyàwó, ní etí ọ̀sà fún àwọn àlejò, a sì gbé àwo orin méjì jáde.

Èmi tí mo dàgbà jù ni mo kọ òfin ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ìkẹrin nínú rẹ̀ ni pé ẹni tí kò bá lè ṣe ipa tirẹ̀ ní ìdánrawò mẹ́ta léra wọn, kí ó fi àyè sílẹ̀. Onílù wa àkọ́kọ́, tí ọtí kì í jẹ́ kí ó dé lásìkò, ni mo tìtorí rẹ̀ kọ ọ́. N kò rò pé yóò kan èmi náà.

Obìnrin kan tó ń ta gìtá báàsì ni olórí ẹgbẹ́ wa báyìí. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, Àlhájà ni, ó sì ń ta ẹja yíyan lọ́jà. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìṣirò nígbà tí mo ń ṣe tíṣà ní Ẹ̀pẹ́, kí n tó wá sí Ìkòròdú. Lọ́jọ́ tí mo kùnà lẹ́ẹ̀kejì ní ìdánrawò, ó dúró kí àwọn yòókù kó ẹrù wọn tán, ó wá jókòó tì mí.

“Tíṣà, ẹ má bínú. Kíbọ́ọ̀dù lè bá wa dí àyè yẹn.”

“Ta ló ń bínú?”

“Ẹ̀yin náà lẹ ṣòfin. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù.”

“Mo mọ̀ ọ́n kà.”

“Ẹ mọ̀ ọ́n kà gan-an ni. Ìgbà tí mo kùnà ìṣirò, ṣé ẹ fún mi ní máàkì tí kò tọ́ sí mi?”

Mo ní rárá. Ó ní, “Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ nìyẹn o, sà.” Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ṣùgbọ́n n kò rí ibi tí mo lè ti ṣàtúnṣe rẹ̀.

Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ń lọ sí Ìjẹ̀dẹ̀ láràárọ̀. Etí ọ̀sà níbẹ̀ ni onílù wa ìsinsìnyí ti máa ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe. Ìlàjẹ ni, apẹja ni. Mo jókòó sórí ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, mo ń fọn, eyín ń yẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, mo bínú yọ ọ́. Mo ká ètè òkè bo erìgì, bí a ti máa ń ká tìsàlẹ̀, mo sì fi ètè méjèèjì gbá ẹnu fèrè mú. Ohùn jáde. Ó nípọn, ó wà nísàlẹ̀, kò sì lè ga. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ètè mi ti wú.

“Bàbá, ẹja ti ń sá lọ o,” ni onílù wí, kò gbójú sókè kúrò nídìí àwọ̀n.

“Ẹja kò ní etí.”

“Wọ́n ń gbọ́ràn, sà. Ẹ bi èmi tí mò ń pa wọ́n. Ohùn òkè tí ẹ ń wá kiri yẹn ni wọ́n ń sá fún. Tìsàlẹ̀ yẹn dáa.”

“Kò lè pẹ́ lẹ́nu mi. Ó ń dùn mí.”

“Kí ló fẹ́ pẹ́ fún? Nínú ìlù mẹ́rin tí à ń kà, ṣebí òfìfo ni mò ń fi ìkíní sílẹ̀? Ẹ wọlé síbẹ̀, ẹ sọ tẹnu yín, kí ẹ jáde. Látọjọ́ tí a ti ń kọrin bọ̀, ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mí.”

Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka mẹ́rin, mo ń fọn ṣókí, mo ń dákẹ́. Ìwọ̀nba tí ètè mi lè gbé náà ni àyè yẹn gbà.

Ní ìdánrawò kẹta, mo yọ eyín, mo wé e sínú áńkáṣífù, mo sì ṣe ipa tèmi. Àlhájà ní kí a tún orin náà kọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ó ní, “Èyí tí ẹ máa ń dá fọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ti lọ nìyẹn, sà. Kíbọ́ọ̀dù ló ni ín. Ìyókù tiyín ni.”

Ibi tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo orin wa ló gbà lọ́wọ́ mi yẹn. Mo ní, “Mo gbà.”

“Ṣùgbọ́n Ẹ̀pẹ́ là ń lọ ní Sátidé. Àwọn tí ẹ kọ́ máa kún ibẹ̀. Ṣé ẹ lè dúró níwájú wọn báyìí?”

Mo ń nu ẹnu fèrè. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣe tíṣà, akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò rí mi láìwọ táì.

Ní Sátidé, mo ti pinnu pé ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni n ó ti yọ eyín, kí n sì máa tẹrí ba. Ṣùgbọ́n atọ́kùn ètò pè mí síwájú pé kí n kọ́kọ́ kí àwọn ènìyàn, nítorí pé èmi ni àgbà. Mo kí wọn tèyíntèyín. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń wọlé láti ojú fèrèsé gbọ̀ngàn náà, kò sí ibi tí mo lè fara pa mọ́ sí. Mo wo Àlhájà, ó ń wo okùn gìtá rẹ̀. Mo yọ eyín náà níbi tí mo dúró sí, mo kó o sápò.

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Omíràn ní, “Áà, Tíṣà ti darúgbó.” Báàsì wọlé lórí ẹ̀rín wọn. Onílù ka mẹ́rin, ó fi ìkíní sílẹ̀, mo sì wọlé. Àwọn kan rẹ́rìn-ín títí a fi kọ orin kejì tán. Mo ń fọn lọ.

Nígbà tí a parí, ọkùnrin kan tó ti ń hu ewú wá dọ̀bálẹ̀ kí mi.

“Sà, ẹ̀yin lẹ lé mi lọ sílé lọ́jọ́sí nítorí bọ́tìnì kan tó já lára ẹ̀wù mi.”

“Bọ́tìnì méjì ni.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin náà lẹ wá ń yọ eyín ní gbangba.”

“N ó tún yọ ọ́ ní Ìkòròdú, ní Sátidé tó ń bọ̀,” ni mo wí fún un. “Aago mẹ́rin ni. Kí o tètè dé.”